Kọ̀ǹpútà arúgbó tó mọ gbogbo onígbèsè Ẹnuwá

Oníṣòwò lè gbàgbé ọjọ́ ìbí ọmọ ẹ̀, kò jẹ́ gbàgbé ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. Àmọ́ bí oníbàárà bá ti di igba, orí nìkan ò gbé e mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọlọ́jà kan ní Ẹnuwá, níwájú ààfin Ọọ̀ni n'Ílé-Ifẹ̀, fi kó ìwé gbèsè wọn sínú kọ̀ǹpútà látọjọ́ tó ti pẹ́, tí kọ̀ǹpútà ọ̀hún sì ti wá di arúgbó mọ́ wọn lọ́wọ́.

Peachtree ni ètò ìṣirò tó gbajúmọ̀ nígbà náà. Òun làwọn ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà fi ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ akáńtì, débi pé àwọn mìíràn rò pé orúkọ iṣẹ́ náà gan-an nìyẹn. Amẹ́ríkà ló ti wá, kí ilé-iṣẹ́ Sage ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó rà á, tí wọ́n sì sọ ọ́ di Sage 50. Ìyẹn ò kan ọ̀gá tó ń ta símẹ́ǹtì. Ohun tó mọ̀ ni pé bí akọ̀wé bá ti tẹ orúkọ lánlọ́ọ̀dù, gbèsè ẹ̀ á yọ gbàgà.

Windows tó gbé Peachtree ró ni wàhálà. Ọdún 2001 ni Windows XP jáde, nígbà tó sì di 8 oṣù Kẹrin 2014, Microsoft ní àwọn ò tún un ṣe mọ́. Ó kan Windows 7 ní 14 oṣù Kìn-ín-ní 2020. Windows 10 pàápàá, tí àwọn kan ṣì ń pè ní tuntun, ó kan òun náà ní 14 oṣù Kẹwàá 2025. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ọdún kan lé e fún. Kọ̀ǹpútà ò kú lọ́jọ́ náà o. Àmọ́ bí olè bá rí ihò tuntun lára ògiri, kò sẹ́ni tó máa wá dí i mọ́.

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ yìí ti dàgbà o."

"Ta ló máa wá ja ṣọ́ọ̀bù símẹ́ǹtì lólè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwọ ọmọ yìí?"

Kòkòrò inú kọ̀ǹpútà kì í béèrè ohun téèyàn ń tà. Àwọn tó lọ́mọ nọ́ọ̀sì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á rántí WannaCry, oṣù Karùn-ún 2017. Ó ti fáìlì pa, ó ní kí wọ́n san $300 ní bitcoin, ó sì mú kí ilé ìwòsàn ìjọba níbẹ̀ dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn padà. Windows 7 ló pọ̀ jù nínú ohun tó mú, bẹ́ẹ̀ sì ni Microsoft ti gbé àtúnṣe ẹ̀ jáde láti oṣù Kẹta. Àwọn tó ni ín ni ò fi sí i. XP ní tiẹ̀, ìgbà tí iná ti ràn tán ni wọ́n tó gbé omi dé.

Kí ló dé tí wọn ò ra tuntun? Owó ni, àmọ́ owó nìkan kọ́. Peachtree àtijọ́ kì í sábà gbà láti jókòó sórí Windows tuntun. Sage òde òní, ọdọọdún ni wọ́n ń sanwó ẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ṣí ti àtijọ́ ńkọ́? Ọmọ tó mọ̀ ọ́n ti wà ní Canada!

Kò pọn dandan kí wọ́n sọ arúgbó náà nù. Ó ṣì mọ ìṣirò: nígbà tí VAT kúrò ní 5% tó di 7.5% ní oṣù Kejì 2020, akọ̀wé kàn yí nọ́ńbà padà ni. Kí wọ́n ṣáà yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá, kí WhatsApp àti báńkì wà lórí fóònù. Fúláàṣì oníbàárà tó fẹ́ tẹ ìwé ò gbọ́dọ̀ kan án, ìbáà jẹ́ ti àna ọ̀gá.

Iná mọ̀nàmọ́ná tún burú ju olè lọ. Bí wọ́n bá mú un lọ níbi tí akọ̀wé ti ń kọ ọjà sílẹ̀, fáìlì lè bàjẹ́, nítorí náà UPS kì í ṣe fàájì. Kí wọ́n ṣe ẹ̀dà lálaalẹ́ sórí fúláàṣì méjì, kí ọ̀kan máa bá ọ̀gá relé. Ẹ̀dà ọ̀hún gan-an, Peachtree tó bá a dọ́gba tàbí tó jù ú lọ nìkan ló lè ṣí i. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n tẹ orúkọ àwọn onígbèsè àti iye owó wọn sórí bébà lóṣooṣù. Tí ṣọ́ọ̀bù bá ti di kọ́ńpìnnì tó forúkọ sílẹ̀, òfin CAMA 2020 ní kí wọ́n tọ́jú ìwé ìṣirò fún ọdún 6. Lánlọ́ọ̀dù tó ní òun ti san kò ní í dúró kí wọ́n wá ẹni tó máa tún Windows XP ṣe.