Ikú Ilé Ló Pa Èdè Gaul

Bí ikú ilé kò bá pani, ti òde kò lè pani. Òwe yìí bá ìtàn èdè Gaul mu rẹ́gí. Gaul ni orúkọ àtijọ́ ilẹ̀ tí ó di Faransé lónìí, èdè rẹ̀ sì jẹ́ ìbátan èdè Ireland àti ti Wales nínú ẹbí èdè Celtic. Láyé Julius Caesar, òun ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará ilẹ̀ náà ń sọ. Lónìí, kò sí ẹni tí ó lè fi í kí aládùúgbò rẹ̀ káàárọ̀. Ohun tí ó ṣẹ́kù kò ju bí 800 àkọsílẹ̀ lọ, lára òkúta, òjé, idẹ àti àpáàdì. Púpọ̀ nínú wọn kò ju orúkọ ènìyàn kan tàbí méjì lọ.

Bí wọ́n bá bèèrè ohun tí ó pa èdè náà, ìdáhùn tí ó yá lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé idà Róòmù ni. Ìdáhùn yìí rọrùn, ṣùgbọ́n kò pé. Ní ọdún 52 ṣáájú ìbí Kristi ni Caesar ṣẹ́gun àwọn ará Gaul ní Alesia. Ó lé ní 200 ọdún lẹ́yìn náà kí Ulpian, amòfin ńlá ní Róòmù, tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ kí àrólé rẹ̀ fi ohun ìní kan lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ lè sọ ọ́ ní èdè Gaul, òfin yóò sì gbà á. Èdè tí òfin àwọn aṣẹ́gun ṣì ń gbọ́ lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí kò kú sójú ogun.

Àwọn àgbà rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ṣe é ní jàǹbá. Àwọn druid ni àlùfáà àti onímọ̀ ilẹ̀ Gaul. Caesar ròyìn pé akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn a máa lo ọdún 20 lọ́dọ̀ wọn, tí yóò máa há ẹsẹ sórí. Kì í ṣe pé àwọn ará Gaul kò mọ̀wé. Wọ́n ń fi lẹ́tà Gíríìkì ṣe ìṣírò owó àti ọ̀rọ̀ ìlú. Ṣùgbọ́n àwọn druid ka kíkọ ìmọ̀ wọn sílẹ̀ sí èèwọ̀. Caesar rò pé wọn kò fẹ́ kí mẹ̀kúnnù mọ̀ ọ́n, wọn kò sì fẹ́ kí ìwé sọ iyè akẹ́kọ̀ọ́ di ọ̀lẹ. Nígbà tí Tiberius àti Claudius, ọba Róòmù, fòfin de àwọn druid ní ọgọ́rùn-ún ọdún kìíní lẹ́yìn ìbí Kristi, ìmọ̀ tí kò ní ilé mìíràn ju orí ènìyàn lọ bá àwọn tí ó ni ín wọ ibojì. Òfin yẹn burú. Síbẹ̀, ìwé ì bá ti rí ibi sá pamọ́ sí.

Àwọn ọlọ́lá ni ó ṣe èyí tí ó kù. Ní ọdún 21, nígbà tí Sacrovir ṣọ̀tẹ̀ sí Róòmù, ìlú Autun ni ó kọ́kọ́ gbà, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ọlọ́lá Gaul ti ń kẹ́kọ̀ọ́ bíi ti Róòmù. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún, Sidonius Apollinaris, bíṣọ́ọ̀bù Clermont, kọ lẹ́tà ìyìn sí Ecdicius pé ó mú kí àwọn ọlọ́lá ìlú wọn bọ́ èdè Celtic dànù bí ìpẹ́ ẹja. Wọ́n ń dá ara wọn lọ́lá lórí òkú èdè ìyá wọn.

Ẹlòmíràn lè bèèrè pé kí ni òbí ìbá ṣe, nígbà tí oyè àti iṣẹ́ ìjọba wà lọ́wọ́ Látìnì? Kò sí ẹ̀bi nínú kíkọ́ Látìnì. Abẹ́ Róòmù kan náà ni Galen, oníṣègùn ọba Marcus Aurelius, wà, èdè Gíríìkì ni ó sì fi kọ àwọn ìwé ìṣègùn rẹ̀. Ẹ̀bi wà nínú kí ènìyàn ka èdè tirẹ̀ sí ohun tí kò yẹ ìmọ̀. Bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni wọ́n ń bá a pè é.

Ta ni ó wá tọ́jú ìyókù? Àwọn amọ̀kòkò La Graufesenque, tí wọ́n ha iye àwo tí wọ́n fẹ́ sun sára àpáàdì, ni ó jẹ́ kí ayé mọ bí ará Gaul ṣe ń ka ìkíní dé ìkẹwàá. Wọ́n rí òjé kan nínú ibojì ní Larzac ní ọdún 1983, tí orúkọ àwọn obìnrin àti ọ̀rọ̀ oògùn wà lára rẹ̀. Àfọ́kù kàlẹ́ńdà onídẹ kan, tí ó ka oṣù 62 nínú ọdún márùn-ún, jáde ní Coligny ní ọdún 1897. Èdè Faransé ṣì ń pe igi chêne, àgùntàn mouton àti ohun ìtúlẹ̀ charrue, ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ Gaul. Ṣùgbọ́n nínú ẹsẹ tí àwọn druid fi ọdún 20 kọ́ni, ẹyọ kan kò ṣẹ́kù.

Ìṣírò àwo àti ọ̀rọ̀ oògùn ni ó la ikú já, nítorí àwọn nìkan ni ẹnìkan kà sí ohun tí ó tó kọ ní èdè náà. Kí ẹni tí èdè rẹ̀ ṣì ń mí bi ara rẹ̀ léèrè: bí ilẹ̀ bá bo ìlú rẹ̀ lónìí, kí ni wọn yóò hú jáde ní èdè rẹ̀?