Ẹ̀bẹ̀ sí Ọmọ Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò Nílé Lóko: Ẹ Jẹ́ Kí A Pa Àṣírí Ọmọ Ilé-Ìwé Wa Mọ́

Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀jọ́, ẹ̀yin ọmọ Ìbà, ẹ̀yin tí ẹ fi Òkòkòmáíkò ṣe ilé, ìbáà ṣe Àwórì, ìbáà ṣe Ègùn, ìbáà ṣe àlejò tó ti di onílé, àti ẹ̀yin tí iṣẹ́ oòjọ́ gbé dé Lọ́ńdọ̀nù, Amẹ́ríkà, Kùtọnu àti ibòmíràn, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ yín ló ti ra àga, ìwé àti kọ̀ǹpútà fún ilé-ìwé ìjọba tí ẹ ti jáde, a sì ń dúpẹ́ oore náà títí di òní. Ẹ̀bẹ̀ tí a gbé wá lónìí dá lórí ohun kan tí owó nìkan kò lè rà: kí gbogbo wa gbà pé ọmọ tó ń lọ ilé-ìwé ìjọba ní àṣírí tirẹ̀, kí a sì bá a pa á mọ́, nítorí ọmọ tí ẹnikẹ́ni lè tú àṣírí rẹ̀ kò tíì ní ààbò.

Ààbò tí ojú ń rí, a ti mọ bí a ṣe ń bèèrè rẹ̀. Nígbà tí àwọn ajínigbé wọ ilé-ìwé Igbonla ní Ẹ̀pẹ́ ní oṣù Karùn-ún 2017, tí wọ́n kó ọmọkùnrin 6 lọ fún ohun tó ju oṣù méjì, ta ni a tún ń sọ fún pé ògiri ṣe pàtàkì? Nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù pa àwọn ọmọ Ojodu Grammar School bí wọ́n ṣe ń ti ilé-ìwé bọ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 2021, ẹ̀rù ọ̀nà Àgbádárìgì tí àwọn ọmọ tiwa ń gbà tún ba gbogbo òbí àdúgbò wa. Ohun tí a kì í sábà bèèrè ni ààbò kúrò lọ́wọ́ ewu tó wà nínú ọgbà ilé-ìwé fúnra rẹ̀: àgbàlagbà tó ń fọwọ́ kan ọmọ níbi tí kò yẹ, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń halẹ̀ mọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ìtìjú tí a fi ń bá ọmọ wí lójú ogunlọ́gọ̀. Ògiri kò lè dá irú ewu bẹ́ẹ̀ dúró. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ́, kò sì ní sọ ọ́ àfi bó bá dá a lójú pé ọ̀rọ̀ náà kò ní di orin lẹ́nu gbogbo kíláàsì.

Ẹ fi ara yín sípò ọmọbìnrin ọdún 13 tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Bó bá ti gbọ́ tí wọ́n ka orúkọ àwọn tí kò tíì san owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ lórí ìlà àárọ̀, bó bá ti rí i tí a ka lẹ́tà ọ̀rẹ́ rẹ̀ sókè kí gbogbo kíláàsì lè fi rẹ́rìn-ín, bó bá mọ̀ pé igun yàrá àwọn olùkọ́ ni olùdámọ̀ràn ń jókòó sí, níbi tí gbogbo etí ti ń gbọ́, yóò pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni agbára ẹni tó ṣe é níbi. Ìpínlẹ̀ Èkó kò ṣàì pèsè ìrànlọ́wọ́: ìlànà ààbò ọmọdé ti wà láti 2016, àjọ DSVA tó ń rí sí ìwà ipá abẹ́lé àti ìfipábánilòpọ̀ ti di àjọ tí òfin gbé kalẹ̀ láti 2021, Mirabel Centre sì ti ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò ní ilé ìwòsàn LASUTH, Ìkẹjà, láti 2013 láìgba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n láti Òkòkòmáíkò dé Ìkẹjà, ìrìn kékeré kọ́. Ibi tí ìrìn náà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni yàrá kan nínú ilé-ìwé, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé tì.

Òfin wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Abala 37 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo àṣírí gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè, kò yọ ọmọdé sílẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 là á yékéyéké ní abala 8, ó sì kà á léèwọ̀ ní abala 11 pé kí a fi ìyà tó ń tàbùkù ọmọ jẹ ẹ́. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2007. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 sì ní kí a gba ìyọ̀ǹda òbí tàbí alágbàtọ́ kí a tó lo ìsọfúnni ọmọdé. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ẹ̀tọ́ ọmọ ilé-ìwé ìjọba jẹ́ ọ̀rọ̀ orí ìwé lásán: ẹjọ́ híjáàbù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ilé-ìwé ìjọba Èkó pè dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà 2022 sì ni adájọ́ 5 nínú 7 dá wọn láre. Ohun yòówù kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa rò nípa híjáàbù, ìdájọ́ náà fi hàn pé ọmọ kì í bọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu géètì.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà lókè òkun gan-an. Bí ẹrù yín bá dé, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ń bèèrè ni àwòrán. A ó to àwọn ọmọ sí ìlà, orúkọ ilé-ìwé yóò hàn láyà aṣọ wọn, ẹni tí a ra bàtà fún yóò gbé e sókè, kí ilẹ̀ tó ṣú gbogbo rẹ̀ ti dé orí Facebook àti WhatsApp. Gbogbo ayé ti wá mọ ojú ọmọ náà, ilé-ìwé tó ń lọ, àti pé òbí rẹ̀ kò ní. Ẹni rere yóò rí i, ẹni ibi náà yóò rí i, kò sì sí ẹni tó lè kó o padà nílẹ̀ mọ́. Ní Ìlú Ọba, ilé-ìwé a máa ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé kó tó gbé àwòrán ọmọ yín síta. Ní Amẹ́ríkà, òfin ti ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti 1974. Ohun tí ẹ kò ní gbà fún ọmọ yín ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ Ìbà.

A mọ̀ pé ẹ ó ní, “Báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé owó wa kò bọ́ sápò ẹnì kan?” Ìbéèrè yín tọ́. Ẹ bèèrè rìsíìtì. Ẹ bèèrè àwòrán àga, ògiri àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí a kọ́. Ẹ bèèrè lẹ́tà tí ọ̀gá ilé-ìwé àti alága ẹgbẹ́ òbí jọ fọwọ́ sí, tó sọ iye nǹkan tó dé àti iye ọmọ tó gbà á. Ẹ̀rí wọ̀nyí lágbára ju àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín lọ, nítorí a lè ya àwòrán ọmọ 10 kí a sì kó báàgì 90 lọ.

Àwọn mìíràn ń sọ pé ẹ̀tọ́ ni yóò ba ọmọ jẹ́, pé àṣà òyìnbó ni. Ẹ wo òfin náà fúnra rẹ̀. Abala 8 tó fún ọmọ ní àṣírí náà ló sọ pé òbí àti alágbàtọ́ ṣì ní àṣẹ láti máa bójú tó ìwà ọmọ bó ṣe yẹ. Abala 19 sì pa á láṣẹ fún ọmọ kó bọ̀wọ̀ fún òbí àti àgbà. Ìwé àdéhùn ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ilẹ̀ Áfíríkà, tí a fi lélẹ̀ ní 1990, sọ ohun kan náà. Àwọn baba wa ló ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, kí a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ìbáwí tí a ṣe ní ìkọ̀kọ̀ ń tún ọmọ ṣe. Èyí tí a ṣe kí ayé lè rí i ń kọ́ ọ ní orí kunkun.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òkùnkùn tún ń kọ́? Ẹ̀rù rẹ̀ tọ́, àdúgbò wa kò ṣàjèjì sí i, òfin Èkó ti 2021 sì ti sọ ìjìyà rẹ̀ di ẹ̀wọ̀n ọdún 21. A kò sọ pé nítorí àṣírí ọmọ, kí olùkọ́ má yẹ báàgì wò. Bí ìdí tó múná dóko bá wà, kó yẹ̀ ẹ́ wò, kí obìnrin yẹ ti ọmọbìnrin, kí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, kí a má sì sọ ohun tí kò kan ọ̀ràn náà fún ẹlòmíràn. Ọmọ tó bá fọkàn tán olùkọ́ ni yóò sọ orúkọ àwọn tó ń yọ́ ọmọ mú sínú ẹgbẹ́ náà. Fífi tipátipá yẹ báàgì wò kò lè rí ìyẹn.

Ọ̀kan ṣẹ́kù, òun ló sì wúwo jù: àwọn tó ń sọ pé kí a parí ọ̀rọ̀ nílé kí orúkọ ìlú má bàjẹ́. Àṣírí ọmọ ni a ní kí a pa mọ́, a kò sọ pé kí a bo ọ̀daràn mọ́lẹ̀. Kí orúkọ ọmọ má jáde, kí ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Ìdàkejì rẹ̀ la sábà máa ń ṣe. Ní oṣù Kẹrin 2022, nígbà tí fídíò ìṣekúṣe àwọn ọmọ ilé-ìwé aládàáni kan ní Èkó jáde, àìmọye àgbàlagbà ló fi ránṣẹ́ sí ara wọn pẹ̀lú àwáwí pé àánú ń ṣe wọ́n. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 ka pínpín irú fídíò bẹ́ẹ̀ sí ọ̀ràn tó lè gbéni lọ sẹ́wọ̀n ọdún 10. Bí irú rẹ̀ bá dé orí fóònù yín, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ pe àjọ tó yẹ.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ wa nìyí. Ẹ̀yin òbí nílé, bí ẹ bá pàdé ní ìpàdé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, ẹ bèèrè orúkọ ẹni tí ilé-ìwé yàn fún ààbò ọmọ, kí ẹ sì ní kí a lẹ nọ́ńbà DSVA, 08000333333, àti nọ́ńbà pàjáwìrì 112 mọ́ ibi tí ọmọ lè kà á. Ẹ̀yin ará wa lókè òkun, kí ẹ tó ra kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ bá wa ṣe yàrá olùdámọ̀ràn tó ní ilẹ̀kùn, kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ fún fáìlì àwọn ọmọ, àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọmọbìnrin tó ṣeé tì láti inú. Ẹ̀yin agbẹjọ́rò, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ nínú yín, ẹ yọ̀ǹda wákàtí díẹ̀ láti kọ́ àwọn olùkọ́ wa. Ẹ̀yin ọba, ìjòyè àti alága ìjọba ìbílẹ̀ wa, ẹ fi ẹnu yín tì í lẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má lè fi orúkọ yín bẹ̀bẹ̀ fún ẹni tó ba ọmọ jẹ́. Àwa ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín náà ṣèlérí pé láti òní lọ, a kò ní gbé àwòrán tó fi ojú ọmọ kankan hàn jáde láìgba ìyọ̀ǹda òbí rẹ̀, bó ti wù kí ẹ̀bùn náà tóbi tó. Ẹ bá wa mú ìlérí náà ṣẹ.

Àwa ni tiyín, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín.