'Inflammable' tó wà lẹ́yìn tánkà, ẹ má rò pé kò lè jó o!

Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá èèyàn dúró lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí ọkọ̀ agbépo wà níwájú rẹ̀, kò ní í pẹ́ tí yóò fi rí 'Highly Inflammable' lára tánkà kan, tí yóò sì tún rí 'Highly Flammable' lára òmíràn. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Ṣebí ohun tí wọ́n kọ́ni níléèwé ni pé 'correct' ló tọ̀nà, 'incorrect' ni kò tọ̀nà. 'Complete' ló pé, 'incomplete' ni kò pé. Ẹni tó bá fìyẹn ṣe ìṣirò á ní 'flammable' lèyí tó ń gbiná, 'inflammable' lèyí tí kò lè gbiná.

Irọ́ gbáà ni! Ọ̀kan náà làwọn méjèèjì. Ohun tó tètè ń gbiná ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Látinú èdè Látìn ni 'inflammable' ti wá, 'inflammare' sì ni kéèyàn tiná bọ nǹkan. 'In' tibí yìí kì í ṣe ti 'kò rí bẹ́ẹ̀'. Ṣé ọkọ ìyàwó àti ọkọ́ àgbẹ̀ kì í jọra lójú ìwé tí wọn ò fàmì sí? Bẹ́ẹ̀ náà ni 'in' méjèèjì ṣe jọra, tí wọn kì í ṣọmọ ìyá.

Àwọn òyìnbó pàápàá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà léwu. Láàárín ọdún 1920 sí 1929 ni àjọ National Fire Protection Association ní Amẹ́ríkà ti ń rọ àwọn èèyàn pé 'flammable' ni kí wọ́n máa kọ. Lọ́dún 1959, British Standards Institution náà gbà bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tí kò lè gbiná gan-an, 'non-flammable' lorúkọ tiẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí mà ni o. Lọ́jọ́ 28, oṣù kẹfà, ọdún 2018, tánkà kan dànù lórí afárá Ọ̀tẹ̀dọlá l'Ékòó, ọkọ̀ tó lé ní àádọ́ta jóná, èèyàn sì kú. Lóṣù kẹwàá, ọdún 2024, ní Majiya, ìpínlẹ̀ Jigawa, àwọn tó kú lé ní 150, ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbọ́n epo tó dà sílẹ̀. Kì í ṣe gírámà ló fa ìyẹn, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn tánkà ń kìlọ̀ fún aráyé nìyẹn. Ooru tó ń jáde lára bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ nílẹ̀ ló ń rìn, ojú kì í sábà rí i, ó sì lè lọ bá jẹnẹrétọ̀ tàbí sìgá níbi tó jìnnà, kó tìbẹ̀ mú iná padà wá.

Nítorí náà, bí 'in' wà níwájú ẹ̀ o, bí kò sí níbẹ̀ o, ẹni tó bá rí i kó jìnnà sí i. Iná kì í bi èèyàn léèrè ìwé tó kà kó tó jó o.