Ọkọ̀ òkun ní bọ́tìnì, ọkọ̀ iléèwé wa ń kọ́?

Mo sọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé orí òkun lánàá, ẹnìkan ní, "Òkun wo ló wà l'Áràmọ̀kọ?" Ó dáa, ẹ jókòó.

Lẹ́yìn September 11, 2001, àjọ IMO ṣe òfin ISPS. July 1, 2004 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọkọ̀ òkun ńlá tó ń ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn gbọ́dọ̀ ní ọ̀gá ààbò, ètò ààbò tó wà lákọsílẹ̀, àti bọ́tìnì kan tó fara pamọ́. Tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, kò ní dún nínú ọkọ̀ rárá, àmọ́ àwọn tó wà lórí ilẹ̀ á ti mọ̀. Ọkọ̀ tí kò bá níwèé ẹ̀rí, wọ́n lè dá a dúró ní Apapa.

Ṣé òfin nìkan tó? Rárá o. Ní 2020, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ 135 ni wọ́n jí gbé lágbàáyé. 130 nínú wọn, òkun apá ọ̀dọ̀ wa níbí ni! Ìgbà tí ilé ẹjọ́ l'Ékòó rán ajalèlókun mẹ́wàá lẹ́wọ̀n ọdún 12 ní 2021, lórí ọkọ̀ ìpẹja Hailufeng 11, lọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní eyín.

Ẹ wá bọ̀ nílé. January 29, 2024, l'Émùré, wọ́n jí ọmọ iléèwé gbé pẹ̀lú olùkọ́ àti dẹ́rẹ́bà wọn. Bọ́tìnì dà? Lọ́nà Ẹ̀fọ̀n sí Àràmọ̀kọ, tílẹ̀ bá ti ń ṣú, àdúrà dẹ́rẹ́bà ni gbogbo ètò ààbò wa.

Wọ́n á ní olówó ló lọkọ̀ òkun. Jàre, bọ́tìnì kan tó ń dún lọ́dọ̀ Àmọ̀tẹ́kùn, èló ni? Kí ìjọba Èkìtì má jẹ́ kí ọkọ̀ iléèwé kankan jáde láìní i, láti Ìjerò dé Emùré.