Wákàtí 2,000 nítorí irun dídì

Láti kékeré ni Jestina Clayton ti mọ irun dì ní abúlé wọn ní Sierra Leone. Nígbà tó di ọmọ ọdún 18, ó fi ìlú tí ogun abẹ́lé ti tú ká sílẹ̀, ó forí lé Amẹ́ríkà. Ó lọ́kọ, ó bímọ, ìpínlẹ̀ Utah ló sì wá fìdí kalẹ̀ sí. Kò pẹ́ tó fi rí i pé ọjà ń bẹ nílẹ̀ fún òun: àwọn òyìnbó tó gba ọmọ Áfíríkà tọ́ pọ̀ ládùúgbò, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ bí wọ́n ṣe máa ṣe irun orí ọmọ náà. Clayton polówó ara rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn oníbàárà ń wá sílé, owó díẹ̀díẹ̀ ń wọlé.

Ẹnì kan tí kò mọ̀ rí ló fi íméèlì ránṣẹ́ sí i pé kó yọ ìpolówó náà kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á fẹjọ́ rẹ̀ sùn.

Òfin sì wà lẹ́yìn ẹni náà. Nígbà náà, Utah ní onídìrí gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ǹsì àwọn tó ń ṣiṣẹ́ oge, láísẹ́ǹsì náà sì ń béèrè wákàtí 2,000 nílé ẹ̀kọ́. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún tó nǹkan bíi dọ́là 16,000. Irun gígé, irun pípa láró, kẹ́míkà tí ń na irun àti ìtọ́jú èékánná ló kún inú rẹ̀. Irun dídì tí obìnrin yìí fẹ́ fi jẹun, òfin kò fi dandan mú ilé ẹ̀kọ́ kankan láti kọ́ni. Ó dà bí ẹni tó ní kí alágbẹ̀dẹ lọ kọ́ aṣọ híhun kó tó rọ ọkọ́.

Àwọn agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ Institute for Justice bá a gbé ẹjọ́ náà lọ sílé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, Adájọ́ David Sam dá a láre: ohun tí òfin náà ń béèrè jìnnà sí irun dídì débi pé kò bọ́gbọ́n mu rárá láti fi dènà oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

Yorùbá kì í kóyán ẹ̀kọ́ṣẹ́ kéré. Ní Ìbàdàn tàbí Mushin, ọmọ iṣẹ́ onídìrí ń sin ọ̀gá fún ọdún bíi mélòó kan kó tó ṣe fúrídọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n ohun tó máa fi jẹun lọ́la gan-an ni ọ̀gá ń kọ́ ọ: bí wọ́n ṣe ń la irun tó fi ń gún, bí ṣùkú ṣe ń jókòó sáàárín orí, ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ kojúsọ́kọ, àti bí wọn ò ṣe ní fa irun iwájú orí le jù kó má baà re.

Ọ̀rọ̀ irun tó ń re yìí ṣe pàtàkì. Òtítọ́ ni pé dídì tó bá le jù ń pa irun etí, òòyà tó dọ̀tí sì ń kó àrùn ran ni. Ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ láti mójú tó ìyẹn. Ọjọ́ kan péré tó láti kọ́ni ní ìmọ́tótó. Kò gba ọdún kan. Ìpínlẹ̀ Missouri náà béèrè wákàtí 1,500 lọ́wọ́ onídìrí nígbà kan, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì dá ìjọba láre lọ́dún 2018 nínú ẹjọ́ tí Ndioba Niang, onídìrí ọmọ Senegal, pè. Síbẹ̀, lọ́dún kan náà, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ náà fúnra wọn yí òfin padà: kí onídìrí forúkọ sílẹ̀, kó san owó díẹ̀, kó wo fídíò ìlera. Ohun tó yẹ kó ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ní Dallas, ní ìpínlẹ̀ Texas, lọ́dún 1997, ọlọ́pàá mú Isis Brantley nítorí pé ó ń dirun láìní láísẹ́ǹsì. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, kì í ṣe àlejò, ṣùgbọ́n ìjà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún jà wà lára ohun tó jẹ́ kí Texas yọ onídìrí kúrò lábẹ́ òfin láísẹ́ǹsì lọ́dún 2015. Àwọn obìnrin Yorùbá tó ń dirun ní Houston lónìí ń jẹ nínú èrè ìjà yẹn.

Ìpínlẹ̀ tó ti ṣe bíi ti Texas ti ju 30 lọ, àwọn tó kù kò sì ní àwíjàre mọ́. Kí wọ́n tó ṣe é, kí ẹni tó ní ọmọ tàbí àbúrò tó fẹ́ fi irun dídì bẹ̀rẹ̀ òwò lọ́hùn-ún kìlọ̀ fún un: kó kọ́kọ́ wádìí òfin ìpínlẹ̀ tó wà kó tó san owó ṣọ́ọ̀bù.