Kíkọ́ Ọkọ̀ Onígbòkun

Bàbáńlá jẹ́ ìlú kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà tí ó jìnnà sí òkun. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni àwọn baba fi ń ṣe ìjẹ ìmu níbẹ̀. Ọkọ́ ni wọ́n mọ̀, wọn kò mọ ọkọ̀. Nítorí náà, bí ọmọ ìlú yìí bá dé Èkó, tí ó rí ọkọ̀ kékeré tí afẹ́fẹ́ nìkan ń gbé lọ lójú ọ̀sà, tí ìgbòkun rẹ̀ funfun bí lékeléke, kò ṣòro kí ó fẹ́ kọ́ ọ. Eré ìdárayá gidi ni. Láti 1932 ni ẹgbẹ́ Lagos Yacht Club ti wà fún un ní Èkó. Kò sí òfin tí ó ní kí ọmọ àgbẹ̀ má ṣe é. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ó sábà ń wọ olùbẹ̀rẹ̀ lójú ni ọkọ̀ ńlá, ọ̀dà dídán àti ìgbòkun aláràbarà. Àṣìṣe ni èyí. Àwọn àgbà ní, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó rà ni ẹ̀wù ìléfòó, èyí tí í gbé orí ènìyàn sókè lójú omi, kí ó sì bá ara rẹ̀ mu rẹ́gí. Kí ó kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ kí ó tó fi ọwọ́ kan okùn ìgbòkun. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá àjẹ̀ kan nítorí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá dá, ike tí yóò fi máa gbọ́n omi, àti okùn líle tí a lè fi fa ọkọ̀ náà.

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé ọ̀pọ̀ apẹja kì í wọ irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń dé ilé láyọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2023, ọkọ̀ tí ó kó èrò ìgbéyàwó dànù lójú Odò Ọya ní agbègbè Pàtígì, ní ìpínlẹ̀ Kwara kan náà tí Bàbáńlá wà. Ènìyàn tí ó ju 100 lọ ni ó bá a lọ, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ará etí odò. Bí omi bá lè gbé ẹni tí a bí sí etí rẹ̀ lọ, kí ni yóò ṣe fún ọmọ orí ilẹ̀?

Ọkọ̀ tí ó yẹ olùbẹ̀rẹ̀ ni èyí tí ó kéré. Ní 1947, Clark Mills, akanọkọ̀ kan ní Florida ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣe ọkọ̀ kan tí a pè ní Optimist fún àwọn ọmọdé. Gígùn rẹ̀ kò tó mítà 2.5, ìgbòkun kan ṣoṣo ni ó ní. Síbẹ̀ òun ni àwọn ọmọdé fi ń kọ́ ìtukọ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ orílẹ̀-èdè títí di òní. Bí a bá ṣi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tọ́, lójú ẹsẹ̀ ni yóò fi àṣìṣe hàn; ọkọ̀ ńlá a máa bo àṣìṣe mọ́lẹ̀ títí yóò fi di ewu. Àgbẹ̀ kì í gbé ọkọ́ ńlá lé ọmọ kékeré lọ́wọ́. Èyí tí apá rẹ̀ ká ni ó ń fún un.

Ní ti afẹ́fẹ́, ọmọ àgbẹ̀ kò lọ ní òfìfo. Ó ti rí ìyá rẹ̀ níbi tí ó ti ń fẹ́ ọkà bàbà, ó sì mọ̀ pé ẹni tí ó bá kọjú sí afẹ́fẹ́ ni ìyàngbò yóò bọ́ sí lójú. Ó ti rí baba rẹ̀ tí ó wo ìhà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí kí ó tó ti iná bọ oko. Irú àkíyèsí bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkọ̀ onígbòkun ń fẹ́. Ọkọ̀ kò lè lọ tààrà sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Atukọ̀ ní láti yà sí ọ̀tún, kí ó tún yà sí òsì, bí ẹni tí ń gun òkè, títí yóò fi dé ibi tí ó ń lọ. Bí afẹ́fẹ́ líle bá rọ́ lù ú lójijì, kò gbọdọ̀ fi agbára di okùn ìgbòkun mú. Kí ó dẹ okùn náà, ọkọ̀ yóò sì tún dúró déédéé. Kí olùkọ́ mú un lọ sí ibi tí omi kò jìn, kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dojú ọkọ̀ dé, kí ó kọ́ bí a ti í gbé e dìde. Ẹni tí ó ti ṣubú lójú olùkọ́ kò ní dààmú púpọ̀ ní ọjọ́ tí ó bá ṣubú láìròtẹ́lẹ̀.

Òtítọ́ ni pé omi kò ní ọ̀tá. Ṣùgbọ́n omi kò ní ojú àánú fún ẹni tí kò múra sílẹ̀. Ìgbòkun aláràbarà lè dúró di ọdún tí ń bọ̀. Ẹ̀wù ìléfòó àti ìlúwẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la.