Gbèsè Ìlérí Tí Wangari Maathai San

Ní àsìkò ìbò, ìlérí kì í wọ́n lẹ́nu olóṣèlú. Ẹ jẹ́ kí a dé ilẹ̀ Kẹ́ńyà lọ́sẹ̀ yìí, ní ọdún 1974. Mwangi Mathai ń du ipò aṣòfin fún ẹkùn Lang'ata ní Nairobi, ó sì ṣèlérí iṣẹ́ fún àwọn tálákà ibẹ̀. Ó wọlé. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bi í pé iṣẹ́ ọjọ́sí ńkọ́, èsì tí obìnrin náà ròyìn lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ìpolongo ìbò nìyẹn, àwọn aráàlú kò tilẹ̀ ní rántí. Òun ní tirẹ̀ kò gbàgbé.

Wangari ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1940 ni wọ́n bí i ní abúlé Ihithe, lágbègbè Nyeri, láàárín àwọn àgbẹ̀ ẹ̀yà Kikuyu. Ìyá rẹ̀ kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ ṣa igi ìdáná lábẹ́ igi mugumo kan tó wà nítòsí ilé, nítorí igi Ọlọ́run ni. (Mọ̀lẹ́bí igi ọdán tí ń bẹ níwájú ààfin àwọn ọba wa ni mugumo, ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé lórí irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀.) Ìsun omi kan wà lẹ́bàá igi náà, níbi tí ọmọdébìnrin yìí ti máa ń fi ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ ṣeré. Nígbà tó kàwé dé láti Amẹ́ríkà, wọ́n ti gé igi náà kí wọ́n lè rí àyè gbin tíì, omi náà sì ti gbẹ. Ní ọdún 1971 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé, obìnrin àkọ́kọ́ tó débẹ̀ ní Ìlà Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà.

Láti san gbèsè ìlérí ọkọ rẹ̀, ó dá iléeṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ tí yóò gba àwọn tálákà síṣẹ́ igi gbígbìn. Owó kò tó, omi kò sí, iléeṣẹ́ náà sì dẹnu kọlẹ̀. Ó gbé èrò náà lọ bá ìgbìmọ̀ àwọn obìnrin Kẹ́ńyà, nígbà tó sì di ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 1977, wọ́n gbin igi méje sí ọgbà Kamukunji ní Nairobi. Bí ẹgbẹ́ Green Belt ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ni ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é. Àwọn obìnrin abúlé ń ráhùn pé igi ìdáná ti jìnnà, pé odò ń gbẹ, pé oúnjẹ kò tó. Wangari ní kí wọ́n gbin igi. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń mójú tó igbó ní iṣẹ́ ẹni tó kàwé gboyè ni igi gbígbìn. Ọ̀rọ̀ yìí á pa àgbẹ̀ lẹ́rìn-ín! Àwọn obìnrin náà ṣa irúgbìn lábẹ́ àwọn igi àdúgbò wọn, wọ́n gbìn ín sínú ohunkóhun tó lè gba iyẹ̀pẹ̀, wọ́n sì ń bomi rin ín. Ẹgbẹ́ ń san owó táṣẹ́rẹ́ lórí igi kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n èyí tó bá yè nìkan ni wọ́n ń sanwó lé. Kò sí owó fún ẹni tó kàn fẹ́ ya fọ́tò pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Nígbà tó fi di ọdún 2004, igi tí wọ́n gbìn ti ju mílíọ̀nù 30 lọ.

Ìgbéyàwó náà ní tirẹ̀ kò yè. Kóòtù tú wọn ká ní 1979, ọkọ sì ní kó má jẹ́ orúkọ òun mọ́. Wangari fi "a" kan kún un, Mathai di Maathai, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní 1982, ó fẹ́ du ipò aṣòfin ní agbègbè rẹ̀. Òfin ní kó kọ́kọ́ fi iṣẹ́ yunifásítì sílẹ̀. Ó fi í sílẹ̀. Wọ́n wá ní orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ìdìbò bó ti yẹ, kò lè dupò. Ó padà sí yunifásítì, wọ́n ní àwọn kò gbà á mọ́. Ilé tí wọ́n fún un náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní 1989, wọ́n fẹ́ kọ́ ilé alájà 60 sínú Uhuru Park, ọgbà tí àwọn mẹ̀kúnnù Nairobi ti ń gbatẹ́gùn. Wangari kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ, ó kọ sí àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè. Nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n fi ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀sín pé agbo dálémosú lásán ni. Wọ́n lé wọn kúrò ní ọ́fíìsì, wọ́n sì kó iṣẹ́ lọ sínú ilé kékeré tí Wangari ń gbé. Nígbà tó yá, àwọn olówó òkèèrè fà sẹ́yìn. Ilé náà kò dìde.

Àwọn ará Tetu dìbò fún un ní 2002, ìdá 98 nínú 100, ó sì di igbákejì mínísítà fún ọ̀rọ̀ àyíká. Ní 2004 ó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà, obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ní 2007, àwọn ará Tetu kan náà kò dá a padà. Lójú tèmi, iṣẹ́ tó ṣe láìsí ní ipò tóbi ju èyí tó ṣe nípò lọ: ọdún 25 ló fi gbin igi kó tó wọlé, márùn-ún péré ló lò níbẹ̀.

Ó kú ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 2011. Ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe gé igi ṣe pósí fún òun. Ọparun àti koríko orí omi ni wọ́n fi ṣe é.